Omi Kì í Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Rìn Dé Ibi Iná

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n sọ ìtàn àwọn ọkọ̀ panápaná tí wọ́n dìídì ṣe nítorí omi púpọ̀. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ìtàn ẹ̀rọ ni. Bí a bá tú u dé ìsàlẹ̀, ìtàn ọ̀nà ni: ọ̀nà tí omi ń gbà kúrò níbi tó wà títí tó fi dé ibi tí iná wà. Ìlú tó bá ní ọ̀nà yẹn ló ń pa iná. Èyí tí kò ní, bó ra ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ pupa, fèrè nìkan ni ará ìlú máa gbọ́.

Èrò kan wà tó yẹ kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé ọkọ̀ panápaná gbọ́dọ̀ gbé gbogbo omi tó máa lò wá láti ilé. Ìdí nìyí tí èrò fi máa ń yarí ní Èkó, tí wọ́n á máa pariwo pé wọ́n gbé ọkọ̀ òfìfo wá, tí àwọn ọmọ ìta á sì máa sọ òkò lu ẹni tó wá gbà wọ́n sílẹ̀. Ọkọ̀ panápaná ìgboro ní Amẹ́ríkà kì í sábà gbé ju nǹkan bíi gálọ̀nù 500 lọ. Họ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń tu gálọ̀nù 250 ní ìṣẹ́jú kan á mu ìyẹn gbẹ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Omi inú táńkì ọkọ̀ wà fún ìbẹ̀rẹ̀ ìjà, kí wọ́n fi dá iná dúró títí wọ́n á fi so ọkọ̀ mọ́ páìpù ìlú. Bí kò bá sí páìpù ìlú, tàbí tí páìpù bá gbẹ, ó ku kí ilé jó tán kí kálukú máa lọ.

New York jẹ ìyà yìí rí. Ní alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 1835, iná ṣẹ́ yọ ní agbègbè àwọn oníṣòwò nítòsí Wall Street. Odò East River wà níbẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òtútù ti sọ ojú odò di yìnyín. Àwọn panápaná ní láti dá yìnyín lu kí wọ́n tó rí omi fà, bí omi sì ti ń gba inú họ́ọ̀sì kọjá ló tún ń dì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ló jóná. Ní 1842, omi odò Croton wọ ìlú náà láti ọ̀nà tó tó máìlì 41, iná ọdún 1835 sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n tẹpá mọ́ iṣẹ́ náà.

Ti Baltimore tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú tèmi, nítorí níbẹ̀, omi wà, ọkọ̀ wà, ènìyàn wà. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7, oṣù Kejì, ọdún 1904 ni iná bẹ̀rẹ̀. Washington fi ọkọ̀ ránṣẹ́, Philadelphia fi ránṣẹ́, New York náà fi ránṣẹ́. Wọ́n dé, wọ́n tú họ́ọ̀sì sílẹ̀, ó di pé ẹnu họ́ọ̀sì àlejò kò bá ẹnu háídírántì Baltimore mu, ìyẹn ẹnu páìpù ìlú tó wà létí títì. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ti ń gé ojú ìdè tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Iná jó fún nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí, ó sì pa ilé tó lé ní 1,500 run. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹnu kò sí ìwọ̀n kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ẹ wo bí ohun tó kéré tó ìdè orí họ́ọ̀sì ṣe lè pa ìgboro run.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn iná Baltimore ni ilẹ̀ mì ní San Francisco, ọjọ́ 18, oṣù Kẹrin, ọdún 1906. Ìmìtìtì náà fọ́ ilé, àmọ́ iná tó tẹ̀ lé e ló jẹ ìlú náà tán, nítorí páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ya, háídírántì kò sì tu nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni iná fi jó, nǹkan bí ilé 28,000 ló lọ. Nígbà tí wọ́n tún ìlú náà kọ́, wọ́n kọ́ ètò omi kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, tó jẹ́ ti panápaná nìkan: àgbá omi ńlá lórí òkè, ilé pọ́ǹpù létí òkun, kòtò omi káàkiri abẹ́ títì. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1913. New York náà ti ṣe irú rẹ̀. Láti 1908 ni Manhattan ti ní páìpù tí omi inú rẹ̀ ní agbára ju ti omi mímu lọ, tó ń ti ilé pọ́ǹpù oníná mànàmáná wá. Ṣùgbọ́n páìpù máa ń darúgbó, ìlú sì máa ń ṣí kúrò níbi tí wọ́n rì í sí. Nígbà tó fi di àárín ọ̀rúndún ogún, wọ́n ti pa ètò Manhattan tì.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ti wọlé. William Francis Gibbs ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Philadelphia ní 1886. Òfin ni wọ́n ní kó kọ́, ó sì kọ́ ọ, àmọ́ ọkọ̀ ojú omi ló wà lọ́kàn rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ìyàwòrán ọkọ̀, ilé iṣẹ́ rẹ̀, Gibbs & Cox, sì di èyí tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ti ọwọ́ rẹ̀ jáde nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọkọ̀ èrò SS United States, tó sáré ré Òkun Àtìláńtíìkì kọjá ní 1952 ju gbogbo ọkọ̀ èrò tó ti ṣáájú rẹ̀ lọ, òun ló ya á.

Gibbs ní nǹkan méjì tó gbà á lọ́kàn pọ̀: ó fẹ́ràn ọkọ̀ panápaná bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn rẹ̀, ó sì bẹ̀rù iná dé ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń rẹ́rìn-ín. Nínú SS United States, kò jẹ́ kí wọ́n fi pákó ṣe ohunkóhun, àfi dùùrù àti pátákó tí alásè fi ń gé ẹran. Òun náà ló ya Fire Fighter, ọkọ̀ ojú omi panápaná tí New York gbà ní 1938, tó lè tu gálọ̀nù 20,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọkọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ títí di 2010. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi kò lè gun orí ilẹ̀. Iná tó bá jìnnà sí èbúté, wíwò ló máa wò ó. Ohun tí Gibbs wá ń rò ni pé ṣé a kò lè mú agbára ọkọ̀ ojú omi panápaná yìí, ká gbé e lé táyà.

Ohun tó ti inú èrò yẹn jáde ni wọ́n pè ní Super Pumper. Ilé iṣẹ́ Mack Trucks ló kọ́ ọ, ìlú New York sì gbà á ní 1965. Iye tí gbogbo rẹ̀ ná wọn jẹ́ dọ́là 875,000, owó tó tóbi gan-an nígbà náà. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀dá ń jà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, tí ìjọba New York ń bẹ ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe fi omi ṣòfò. Mi ò tíì rí ọjà tó dé lásìkò tó yani lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ márùn-ún ni ètò náà. Ìyá ètò ni Super Pumper fúnra rẹ̀, trélà kan tí ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 34. Kò gbé omi kankan. Pọ́ǹpù àti ẹ́ńjìnnì ló gbé. Ekejì rẹ̀ ni Super Tender, trélà tó gbé họ́ọ̀sì àti ìbọn omi tí kò sí irú rẹ̀ lórí ilẹ̀ nígbà náà. Àwọn mẹ́ta tó kù kéré jù wọ́n lọ, wọ́n ń pè wọ́n ní Satellite. Wọ́n gbé họ́ọ̀sì ńlá àti ìbọn omi tiwọn, wọ́n sì tẹ̀dó sí àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n lè ti ọ̀nà oríṣiríṣi dé ibi iná.

Ẹ́ńjìnnì náà yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Napier Deltic ni, ilé iṣẹ́ Napier ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Ọkọ̀ ojú omi ogun tó ń sáré ni wọ́n ṣe é fún, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í sínú àwọn ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré láti London lọ sí Edinburgh. Ẹni tó bá mọ ẹ́ńjìnnì dísù yóò mọ̀ pé písítìnì kan ló máa ń wà nínú sílíńdà kan. Ti Deltic, písítìnì méjì ló kọjú síra wọn nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Sílíńdà 18, písítìnì 36, wọ́n sì tò wọ́n ní onígun mẹ́ta, tí ọ̀pá ìyípo kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Agbára ẹṣin 2,400 ló ń ti inú rẹ̀ jáde, láti ara ohun tí kò tóbi tó bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Ìyẹn ni Gibbs fi yàn án: ẹ́ńjìnnì mìíràn tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kì bá tí wọ orí trélà.

Pọ́ǹpù tí Deltic ń yí lè ti gálọ̀nù 8,800 jáde ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú agbára pọ́n-ùn 350 lórí ínṣì onígun mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí awakọ̀ táńkà ṣe máa sọ ọ́. Gálọ̀nù Amẹ́ríkà kò tó lítà mẹ́rin. Gálọ̀nù 8,800 jẹ́ lítà 33,000 àti díẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tí táńkà omi ńlá kan ń gbé kiri Èkó ni ẹ̀rọ yìí ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tí ilé bá ga, tàbí tí iná bá jìnnà, wọ́n lè yí i padà kó ti ìdajì omi yẹn pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po méjì. Ó lè mu láti ara háídírántì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè sọ ẹnu sínú odò kó máa fà.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: kí ni wọ́n fi gbogbo agbára yẹn ṣe? Púpọ̀ nínú rẹ̀, ara họ́ọ̀sì ló ń jẹ ẹ́. Ibí ni ìmọ̀ panápaná ti yàtọ̀ sí èrò ẹni tó ń wòran. Omi tó bá ń gba inú họ́ọ̀sì ń fi ara ha ara họ́ọ̀sì, ìhara yẹn sì ń jẹ nínú agbára tí pọ́ǹpù fi tì í. Tí ẹ bá fẹ́ kí omi tó ń gba inú họ́ọ̀sì kan náà di ìlọ́po méjì, ohun tí ìhara máa jẹ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá fi kún omi, tí ẹ sì sọ fífẹ̀ inú họ́ọ̀sì di ìlọ́po méjì, ohun tí ìhara ń jẹ á já sílẹ̀ di ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Mo tún un sọ: ìdá kan nínú 32. Ẹni tó fi họ́ọ̀sì onínṣì méjì àbọ̀ sílẹ̀, tó gbé onínṣì márùn-ún, ti rí èrè tí ẹ́ńjìnnì kankan kò lè fún un. Ìdí nìyí tí Gibbs fi ní kí wọ́n ṣe họ́ọ̀sì onínṣì mẹ́rin àbọ̀ fún ètò rẹ̀, tó nípọn tó láti fara da agbára pọ́ǹpù náà, lásìkò tí ti ọ̀pọ̀ panápaná ṣì tín-ín-rín. Àwọn akọ̀ròyìn ya àwòrán Deltic. Ohun tó yẹ kí wọ́n yà wà lẹ́yìn Super Tender, ní kíká.

Ní 1967, iná mú ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá kan ní New York. Super Pumper dé, wọ́n so ó mọ́ páìpù ńlá mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àwọn ọkọ̀ yòókù: Super Tender, Satellite méjì, ọkọ̀ alákàbà, àti họ́ọ̀sì àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wọlé iná. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló dúró bí ilé pọ́ǹpù láàárín títì. Ohun tí Manhattan fi páìpù abẹ́ ilẹ̀ ṣe ní 1908 ni Gibbs gbé kiri lórí táyà yìí, ó sì lè gbé e lọ sí ibikíbi tí ìlú bá ṣí lọ. Gibbs alára kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn.

Mi ò ní fẹ́ kí ẹ rò pé omi púpọ̀ kò léwu. Tọ́ọ̀nù 33 ní ìṣẹ́jú kan, ibo ló ń lọ? Orí pẹpẹ ilé ló ń kó jọ sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti di tọ́ọ̀nù 330 lórí igi àti bíríkì tí iná ti jẹ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé á wó, yóò sì wó lu ẹni tó bá wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ohun ìjà ìkẹyìn ni ìbọn omi ńlá: ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀gá bá ti pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn jáde ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. New York ti rí ohun tí àpọ̀jù omi ń ṣe. Ní oṣù Kejì ọdún 1942, ọkọ̀ Normandie, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ èrò tó tóbi jù láyé, gbiná ní èbúté wọn. Ọkọ̀ ojú omi panápaná bò ó, Fire Fighter tí Gibbs yà náà wà níbẹ̀. Wọ́n pa iná náà, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n tú sórí rẹ̀ wúwo ní ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà tó sì di òru, Normandie dojú dé sínú odò níbi tí wọ́n so ó mọ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún omi púpọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ ìgbà tó yẹ kó ti ẹnu rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Super Pumper ṣe. Ní 1982 ni wọ́n mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọdún kan náà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ojú irin Deltic ti London tì. Ẹ́ńjìnnì tó díjú báyẹn ń gba mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n àti ẹ̀yà tó ń ti òkè òkun wá. Trélà gígùn náà kì í sì í ṣe ohun tí a lè fi gba gbogbo kọ̀rọ̀. Ìkùnà kọ́ ló pa á. Àwọn ọkọ̀ panápaná lásán ti ń lágbára sí i, tí wọ́n ti lè ti gálọ̀nù 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, họ́ọ̀sì ńlá náà sì ti wá wọ́pọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ kíyè sí ni pé New York kò da gbogbo ètò náà nù. Wọ́n fi ọkọ̀ ńlá náà sílẹ̀, wọ́n sì pa àwọn Satellite mọ́. Wọ́n so Satellite kọ̀ọ̀kan mọ́ ọkọ̀ pọ́ǹpù tó lágbára, wọ́n pe èyí ní Maxi-Water, ó sì wà títí dòní. Lójú tèmi, ìdájọ́ ìtàn nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ náà: ẹ́ńjìnnì lọ, họ́ọ̀sì dúró.

San Francisco ló tún wá fi èyí hàn kedere. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn 1906, ọ̀gá panápaná kan níbẹ̀, Frank Blackburn, rò pé tí ilẹ̀ bá tún mì, ètò kejì yẹn náà lè ya. Ní àwọn ọdún 1980, ó ṣètò àwọn ọkọ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gbé họ́ọ̀sì onínṣì márùn-ún lọ, pẹ̀lú ẹnu háídírántì tí wọ́n lè tò sójú títì níbikíbi. Kò ní Deltic, kò ní orúkọ ńlá. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹwàá, ọdún 1989, ilẹ̀ mì. Páìpù ya ní àdúgbò Marina tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n dà sómi, iná sì ràn. Ètò kejì já wọn kulẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi panápaná Phoenix sún mọ́ èbúté, ó ń fa omi òkun, àwọn ọkọ̀ Blackburn sì na họ́ọ̀sì láti etí òkun wọ àárín àdúgbò. Iná náà kò kọjá ibẹ̀. Atẹ́gùn kò fẹ́ púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ká sọ òtítọ́, ìyẹn náà ràn wọ́n lọ́wọ́.

Japan náà jẹ irú ìyà yìí ní Kobe. Ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1995, ìmìtìtì ilẹ̀ pa ènìyàn tó lé ní 6,000, háídírántì gbẹ káàkiri ìlú, àwọn panápaná sì dúró pẹ̀lú họ́ọ̀sì lọ́wọ́ níwájú ilé tó ń jó. Panápaná Tokyo ní ètò tí ọkọ̀ kan fi ń fa omi òkun, tí ekejì sì ń tú họ́ọ̀sì sílẹ̀ bó ti ń rìn. Ètò yìí ni wọ́n gbé lọ sí Fukushima ní oṣù Kẹta ọdún 2011, nígbà tí omi tí wọ́n fi ń tu epo átọ́míìkì tó ti lò lára ń lọ tán nílé iṣẹ́ mànàmáná tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti ṣètò pé ọkọ̀ ni yóò tú họ́ọ̀sì náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìdọ̀tí tí ìgbì òkun ńlá kó wá ti dí ọ̀nà. Àwọn panápaná bọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn, níbi tí ìtànṣán tó ń pani wà, wọ́n sì fi ọwọ́ gbé họ́ọ̀sì wíwúwo náà fún nǹkan bíi mítà 350 láti etí òkun. Lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru mọ́jú ọjọ́ 19 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ̀rọ tó gbówó lórí wà níbẹ̀. Mítà 350 yẹn, ọwọ́ ènìyàn ló parí rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Láti inú ìrírí bọ́ǹbù tó já lu London ní 1940, nígbà tí páìpù ya tí odò Thames sì fà sẹ́yìn ní alẹ́ tí iná burú jù, wọ́n ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí ará ìlú ń pè ní Green Goddess ní àwọn ọdún 1950. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, kí ọ̀kan máa fa omi fún ekejì títí yóò fi dé ìlú tí bọ́ǹbù bá fọ́. Bọ́ǹbù tí wọ́n ń bẹ̀rù kò já. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn panápaná ní 1977 àti 2002 ni wọ́n fi wọ́n bo. Àwọn ẹ̀rọ tó rọ́pò wọn yanjú ìṣòro kan tí Super Pumper kò lè yanjú. Pọ́ǹpù tó wà lókè kò lè fa omi láti ìsàlẹ̀ tó jìn ju nǹkan bíi mítà méje lọ, torí atẹ́gùn ayé ló ń ti omi gòkè fún un, agbára atẹ́gùn ayé sì mọ níwọ̀n. Àwọn ará Netherlands ní: ẹ jẹ́ ká sọ pọ́ǹpù náà gan-an sínú omi, kí ẹ́ńjìnnì dúró lókè, kí epo háídírọ́líìkì máa yí i láti ọ̀nà jíjìn. Orí afárá gíga pàápàá, ẹ lè sọ ọ́ sódò. Irú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n gbé lọ sí Buncefield, ibi ìkó epo sí tó bú gbàmù ní ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, ọdún 2005, tí họ́ọ̀sì fi gba ọ̀nà tó ju kìlómítà kan lọ láti ibi adágún omi. Ní 1940, omi kò tó. Ní oṣù Kẹfà 2007, omi pọ̀ jù: ìdídò Ulley fẹ́ ya nígbà tí òjò pọ̀, àwọn pọ́ǹpù panápaná yìí kan náà ni wọ́n fi fa omi kúrò nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Lekki àti Ajégúnlẹ̀ ti ń ronú ohun kan bí mo ṣe sọ ìyẹn.

Wàyí o, ilé. Ilé gogoro ìbánisọ̀rọ̀ tó wà ní Marina ti Èkó gbiná ní 1983. Ilé Kòkó ní Ìbàdàn gbiná ní 1985. Ọjà Balógun jóná ní oṣù Kọkànlá 2019, ó tún jóná ní oṣù Kìn-ín-ní 2020. Mi ò ní kó gbogbo wọn jọ, ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Erékùṣù ni Èkó, ọ̀sà yí i ká. Láti Balógun dé etí ọ̀sà Marina, ẹni tó ru ẹrù sórí máa ń rìn ín kí ó tó sinmi. Síbẹ̀, nígbà tí ọjà bá ń jó, ohun tí a ń retí ni táńkà tó ń bọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, láàárín àwọn ọlọ́jà tó ti to ìsọ̀ sójú títì, pẹ̀lú danfó tó kọ̀ tí kò yà. Táńkà dé, ó tú omi rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó yí padà láti lọ bu òmíràn. Ọ̀nà tí omi ń gbà wọ ọjà kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé owó, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ ra Super Pumper. Àwọn tó rà á gan-an ti fi í sílẹ̀ láti 1982. Ohun tí mò ń bẹ̀ fún ni ọkọ̀ họ́ọ̀sì: họ́ọ̀sì onínṣì márùn-ún, kìlómítà kan tàbí méjì lórí ọkọ̀ tó lè gba àárín Ìdúmọ̀tà kọjá, pẹ̀lú pọ́ǹpù tó ń wọ inú ọ̀sà fúnra rẹ̀, àti ìdè tó bá ti gbogbo ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ mu, kí ti Baltimore má bàa ṣẹlẹ̀ sí wa. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ojú ọ̀nà tí họ́ọ̀sì yóò gbà wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lọ́wọ́ ìjọba. Kí ọjà tó ṣí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù, ẹ jẹ́ kí àwọn panápaná na họ́ọ̀sì náà láti etí ọ̀sà dé àárín ìsọ̀ yín, kí ẹ fi ojú ara yín rí ìsọ̀ tó dí ọ̀nà. Kí onísọ̀ náà sì kó ọjà rẹ̀ sẹ́yìn.